Búta Aláwọ̀ Ewé

Kí n má purọ́, mo ti ń jowú Ràódàt láti ọjọ́ tó ti wọlé. Ó ti Ilé-Ogbó wá, ó gbé àpò èèpo kòkó lérí bí ẹni tó ń lọ da ilẹ̀ nù, ó ní òun fẹ́ fi ṣe fàdákà. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ọdún mẹ́fà ni èmi Hàbíbátù ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kó tó dé.

Ìkòkò amọ̀ tí ń sẹ́ omi mímu la ń ṣe, ní Ìwó, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Kuta. A máa ń fi èérún fàdákà kun inú rẹ̀ kí ó lè pa kòkòrò inú omi. Èérún náà kéré débi pé bí o bá fi ojú lásán wá a títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀, o ò ní rí i. Nánò ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é. Èmi ni mò ń ṣe é fún gbogbo ìkòkò tó ń jáde níbẹ̀. Oògùn líle kan ni mo fi ń yí omi fàdákà padà di èérún, n óò fi aṣọ di imú, n óò wọ ìbọ̀wọ́ tó dé ìgúnpá, síbẹ̀ ó jó mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá parí, n óò fi ásíìdì fọ ìgò, n óò da ohun tó ṣẹ́kù sí kòtò ẹ̀yìn ilé. Ìyá Fàdákà ni wọ́n ń pè mí. Orúkọ náà dùn mọ́ mi ju owó oṣù lọ.

Ràódàt kò di imú. Ó se èèpo kòkó bí ẹni ń se àgbo, ó sẹ́ ẹ, ó dà á lu omi fàdákà, ó gbé e sóòrùn. Kí a tó jẹun ọ̀sán tán, omi náà ti pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Èérún fàdákà ti dé nìyẹn. Ọ̀gá wa, Alàgbà Adédìpẹ̀, tẹ orí sórí ìgò náà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọdún mẹ́fà, wọn ò sún mọ́ ìgò tèmi tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n," ni wọ́n wí. "Ràódàt, ní Ọjọ́bọ̀, ṣe é lójú mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá dáa, a ó pa oògùn líle yẹn tì, ìwọ ni wàá máa darí yàrá náà. Hàbíbátù á máa ràn ẹ́ lọ́wọ́."

Á máa ràn ẹ́ lọ́wọ́! Ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́rìnlá jù lọ! Èmi tí mo fi ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà hàn án! Mi ò fẹnu kan oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọkọ mi béèrè bóyá ó rẹ̀ mí, mo jágbe mọ́ ọn bí ẹni pé òun ló se èèpo kòkó.

Ọjọ́bọ̀ pé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí: fàdákà kì í bá iyọ̀ gbé. Bí wọ́n bá pàdé nínú omi, omi náà á funfun bí omi ògì, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìdí rèé tí a fi ń lo omi bátìrì, omi tí kò ní nǹkan kan nínú, irú èyí tí àwọn rẹwáyà ń dà sí bátìrì mọ́tò. Ràódàt da tirẹ̀ sínú búta tuntun kan, aláwọ̀ ewé, ó ní ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, ó rọrùn láti fi da omi díẹ̀díẹ̀. Ó wá gbé e sórí ògiri kúkúrú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní Ìwó! Búta tó kún fún omi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń kírun, nígbà tí ìrun Àílà ku díẹ̀! Ìwé pọ̀ lórí ọmọ náà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí nílé.

Bàbá Mùrí ni mégáàdì wa, àwọn náà ló ń tọ́jú kànga. Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí wọn. Wọ́n gbé búta náà, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n yọ ẹnu, wọ́n ṣe àlùwàlá wọn dé ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n ṣe ohun tí ọmọlúwàbí ń ṣe. Ẹni tó bá lo omi búta tán, á pọn òmíràn sí i de ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n fa omi kànga, wọ́n bù ú kún un, wọ́n gbé e padà síbi tó wà.

"Hàbíbá," ni wọ́n pè mí, "omi kànga yìí ò dáa mọ́ o. Ọṣẹ kì í hó nínú ẹ̀, ẹ̀wà kì í tètè jinná."

"Ẹ̀ẹ̀rùn ni, Bàbá."

Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ fún Ràódàt. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n mo wà lọ́jà, mo ń wo orí ọmọ. Ọmọ Ìwó ilé Odídẹrẹ́ ni mí, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n wa lẹ́nu, àmọ́ mo pa tèmi dé lọ́jọ́ náà. Inú mi sì ń dùn.

Lẹ́yìn ìrun, ọ̀gá dé. Ràódàt da omi búta lé fàdákà nínú ìgò. Kíá ni ó funfun báláú.

"Kí lèyí?" ọ̀gá béèrè.

"Mi ò mọ̀, sà." Ó tún òmíràn ṣe. Báláú.

"Omi mímu làwọn èèyàn máa gbà lára ìkòkò yìí," ọ̀gá wí. "A ò lè fi ohun tí kò dá wa lójú sí i. Hàbíbátù, máa bá iṣẹ́ ẹ lọ."

Mo wolẹ̀ kí wọ́n má baà rí eyín mi.

Ràódàt gbé búta náà, ó wo inú rẹ̀. "Sà, omi yìí kì í ṣe omi tèmi."

Bàbá Mùrí wà lẹ́nu ọ̀nà. "Búta yẹn kẹ̀? Yéè! Mo ti fi ṣe àlùwàlá! Mo pọn omi kànga sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, mi ò mọ̀."

Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un ṣe. Ràódàt kò rẹ́rìn-ín. Ó bu omi mọ́sálásí tí Bàbá máa ń gbé wá mu nínú kẹ́ẹ̀gì wọn, ó kán fàdákà sí i. Ó kàn ṣú díẹ̀. Ó bu omi kànga wa, ó kán an sí i. Báláú.

"Gbogbo kànga ló ní iyọ̀ díẹ̀, sà. Ti èyí ti pọ̀ jù. Nǹkan kan ń wọ inú ẹ̀."

Ọ̀gá yíjú sí Bàbá. "Ẹ̀yin la fi kànga lé lọ́wọ́. Ṣé iyọ̀ lẹ̀ ń dà sí i, báwọn ará àtijọ́ ṣe ń ṣe?"

"Wàláì, mi ò da nǹkan kan sí i."

"Ta ló wá dà á? Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, Bàbá. Ẹ máa lọ sílé."

Bàbá ṣí fìlà wọn, wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí ọ̀gá. Ibẹ̀ ni mo ti rántí kòtò ẹ̀yìn ilé. Ibi gíga lókè kànga ló wà, kò ju ogún ẹsẹ̀ bàtà lọ. Lára iyọ̀ ni wọ́n ti ń yọ ásíìdì mi, bó bá sì wọlẹ̀, ìwà ìyá rẹ̀ ló ń hù. Ọdún mẹ́fà. Ọṣẹ tí kò hó, ẹ̀wà tí kò jinná, èmi ni. Iyọ̀ nìkan kọ́ ni mò ń dà síbẹ̀, oògùn líle náà wà pẹ̀lú, fàdákà kò sì lè fi ìyẹn hàn wá.

Mo lè tún dákẹ́. Ìdákẹ́ àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi, èyí ni mi ò lè gbé mì.

"Ọ̀gá, ẹ má bá Bàbá wí. Èmi ni. Ásíìdì tí mo fi ń fọ ìgò ni. Mo sì rí wọn nígbà tí wọ́n gbé búta, mo mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni."

Ràódàt wò mí, kò bú mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó ṣí omi bátìrì mìíràn, ó tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Kó tó di Àsárì, ó ti pọ́n bíi tíì. Owú mi kò lọ. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ tí kò ní àpá kankan, mo sì ń jowú ọwọ́ náà.

Ọ̀gá dá kọ́kọ́rọ́ padà fún Bàbá, wọ́n ní kí wọ́n fi pákó bo kànga. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àsárì, Bàbá Mùrí gbé búta òfìfo dé ibẹ̀, wọ́n dúró wo pákó náà, wọ́n wá yíjú sí mi. Wọn ò bínú.

"Hàbíbá, omi wo la máa fi ṣe àlùwàlá báyìí?"

Mo gba búta náà lọ́wọ́ wọn, mo gba ọ̀nà mọ́sálásí lọ láti pọn omi wá.