Àyè Òfo Lára Wáyà Kejì

Kò sí ohun tí Nusaybah bẹ̀rù nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó kí wáyà kún. Òun ló ń darí yàrá àkóso iná ìlú Ìlọrin ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ààwẹ̀ náà. Wáyà ńlá méjì ló ń gbé iná wọ̀lú. Òfin iṣẹ́ wọn sì ni pé kí àyè òfo máa wà lára èkejì nígbà gbogbo, kí iná ìrànwọ́ láti ọ̀nà jíjìn lè rí ibi gbà wọlé bí èkíní bá kú lójijì.

Ṣùgbọ́n Azeezah, àbúrò rẹ̀, ti pè é lẹ́yìn ìrun Làásárì. Ọmọ tí Azeezah bí láìpé oṣù wà nínú àpótí amóoru ní ọsibítù. Jẹnẹrétọ̀ ibẹ̀ ti dákẹ́, iná ọba kò sì tíì kan àdúgbò náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ara rẹ̀ ti ń tutù. Mo ti fi aṣọ gbígbóná yí i ká, kò ràn án."

Nusaybah tẹjú mọ́ àyè òfo náà lójú ẹ̀rọ. Bilal, igbákejì rẹ̀, tó ń to èso dàbínù tí wọn yóò fi ṣínu sínú àwo, rí i.

"Àǹtí, ìyẹn tí ẹ ń wò yẹn, ṣé òun náà ń gbààwẹ̀ ni? Ẹ ṣáà jẹ́ kó ṣínu."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó tan ọ̀nà iná tó lọ sí ọsibítù, àyè náà sì kún. Azeezah tún pè, ó ń sunkún, ó ń ṣàdúà fún un. Nusaybah kò lè ṣe àmín.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Màgáríbì ni wáyà èkíní kú.

Agogo ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọwọ́ aago agbára iná ń wálẹ̀. Ohùn kan wọlé lórí rédíò láti ibùdó tó jìnnà.

"Ìlọrin, ìrànwọ́ ti wà nílẹ̀. Ṣé ẹ ní àyè?"

Nusaybah tẹ bọ́tìnnì rédíò. "Kò sí."

"Kí ló gbà á?"

Bilal ti dìde, dàbínù sì ti dà sílẹ̀.

"Àǹtí, ká pa ọ̀nà kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ìlú á ṣókùnkùn. Òfin ní ká pa èyí tó dé gbẹ̀yìn." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó mọ ọmọ tó wà ní ìparí ọ̀nà náà.

Ìka Nusaybah wà lórí bọ́tìnnì ọsibítù. Ojú rẹ̀ lọ sórí ti GRA, níbi tí Alhaji Shehu, olórí iṣẹ́ wọn, ti pe àwọn èèyàn ńlá wá ṣínu.

"Alhaji á lé yín lẹ́nu iṣẹ́," ni Bilal wí.

"Mo mọ̀."

Ó pa GRA.

Ọwọ́ aago dúró. Ó mì tìtì bí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò lọ, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

"Ìrànwọ́ ti wọlé, Ìlọrin."

Ládàánì pe ìrun. Fóònù tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, Alhaji ni. Nusaybah jẹ́ kó máa dún, ó fi ti ọwọ́ rẹ̀ pe Azeezah. Ó dún, ó dún, kò gbé e. Nusaybah tún un pè.

"Iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, Ẹ̀gbọ́n mi. Kò lọ." Igbe ọmọ kan, tín-ín-rín, ń bẹ lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

Nígbà náà ni Nusaybah gbé fóònù tábìlì.

"Ẹ kú ìṣínu, Alhaji. Èmi ni mo pa iná yín. Èmi náà ni mo kọ́kọ́ lo àyè òfo náà fún ọmọ àbúrò mi."

Bilal na dàbínù kan sí i. Nusaybah gbà á, ó dì í mọ́wọ́, fóònù ṣì wà létí rẹ̀.