Ẹ̀rọ Omi fún Ìka Tí Kò Ká

“Àǹtí, ẹ dákun, ṣé ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ omi ni àbí ẹ fẹ́ bá a jà?”

Obìnrin onídìrí tó wá rajà náà ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó di ìkúùkù, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti orí àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n tò sára pátákó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ́bìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù sún mọ́ ọn láti wòran.

“Màmá mi ni mo fẹ́ rà á fún. Ìka wọn ò ká mọ́.”

Àárọ̀ ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará ilé ti ń bá omi tó ń dà ṣòfò ní balùwẹ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì ti ń sọ lórí fóònù pé iyè màmá ti ń ra, kí wọ́n wá ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn. Ọ̀rọ̀ náà ò wọ̀ ọ́ létí. Màmá tó ṣì rántí ìwọ̀n èjìká gbogbo ẹni tí wọ́n ti ránṣọ fún rí! Ló bá yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn balùwẹ̀ láàárọ̀ náà. Ó rí i tí màmá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì há orí róbótó ẹ̀rọ omi náà, tí wọ́n lọ́ ọ títí, tí kò yí. Wọ́n wo omi náà, wọ́n nu ojú, wọ́n fẹ́ jáde.

“Màmá, ẹ ò gbàgbé. Ẹ ò rí i tì ni.”

“Ẹ kúkú máa pè mí ní onígbàgbé,” ni ìyá náà dáhùn. “Ó sàn ju kí ẹ máa bá mi bọ́jú lọ.”

 Ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni ọmọ gbà.

“Ẹ wo èyí.” Oníṣọ́ọ̀bù na ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ kan tí kò lórí rárá. Omi tú jáde fúnra rẹ̀. Onídìrí na ọwọ́ tirẹ̀, ó fà á padà, ó tún nà á.

“Ta ló sọ fún un pé mo dé?”

“Bátìrì ni.”

“Tí bátìrì bá wá kú ńkọ́?”

“Ẹ ó pe ẹni tí yóò pààrọ̀ ẹ̀ ni.”

“Ẹni tí à ń pè yẹn gan-an ni màmá ò fẹ́.”

Oníṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. “Ihò mélòó ló wà lórí bésìnì yín?”

“Ẹyọ kan, láàárín.”

Wọ́n wo ọ̀kan tí ọrùn rẹ̀ ga. Omi á máa ta sí màmá láyà. Wọ́n wo òmíràn tí ẹnu rẹ̀ kúrú. Ọwọ́ á máa gbá ara bésìnì. Èyí tó kẹ́yìn ní apá pẹlẹbẹ kan lórí. Onídìrí fi ọrùn ọwọ́ gbé e sókè, ó fi ìgúnpá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Kò le rárá.

“Di èyí fún mi.”

Nígbà tí púlọ́ńbà dè é tán lọ́sàn-án, màmá wò ó bí ẹni ń wo aṣọ tó lè ṣá. Wọ́n fi oríkèé ọwọ́ gbé e. Omi dé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Omi dá.

“Ṣé kò ní máa kán tótó?”

“Rárá, mà,” ni púlọ́ńbà wí.

Wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe sí i. Màmá wá yíjú sí ọmọ àti púlọ́ńbà.

“Ó yá, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jáde. Mo fẹ́ bọ́jú.”

Ilẹ̀kùn tì. Onídìrí dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà. Ó gbé ọwọ́ sókè láti kàn, kí ó béèrè bóyá ó rọrùn. Ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.