Dráàfù Tó Há Sínú Kọ̀ǹpútà

Igun yàrá ìgbàlejò wa ni kọ̀ǹpútà náà wà fún ọdún méjìlá gbáko, tí a fi aṣọ bò ó. Mo ti fẹ́ dà á nù títí ó fi sú mi. Bí mo bá ti fọwọ́ kàn án báyìí, ọkọ mi á ti dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, á ní kí n rọra o, ẹ̀rí òun wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rí kí ni? Ẹ̀rí dráàfù. Ẹ ò rí ayé mi lóde.

Kí ẹ lè mọ ohun tí mò ń sọ: télọ̀ ni ọkọ mi. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń gbé ní ilé kejì sí wa, oníṣẹ́ iná mànàmáná ni, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Oníná. Ní tèmi, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà n kì í ní sùúrù fún ọkùnrin tó bá ń kérora láìrọbí. Àwọn ọmọ wa la ra kọ̀ǹpútà náà fún. Nígbà tí wọ́n dàgbà tí kálukú wọn bá tirẹ̀ lọ, àwọn bàbá méjì yìí jogún rẹ̀. Eré dráàfù wà nínú rẹ̀. Bó ṣe di pé lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, wọ́n á fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ níwájú ẹ̀rọ náà, wọ́n á máa ta á, wọ́n á máa bú ara wọn, inú wọn á sì máa dùn.

Ní ọjọ́ kan, mo pè wọ́n pé kí wọ́n wá jẹun, wọn ò dá mi lóhùn. Mo bá lọ dúró sẹ́yìn wọn, mo ní bí oúnjẹ yẹn bá fi tutù, kí wọ́n lọ wá ilé mìíràn tí wọ́n á ti máa jẹun. Ni Oníná bá ní kí wọ́n tọ́jú eré náà síbi tó dé, wọ́n á padà wá parí rẹ̀. Ó tẹ ohun tó tẹ̀, wọ́n dìde. Kí wọ́n tó jẹun tán, iná mànàmáná ṣẹ́jú, ó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nǹkan dún pàù nínú kọ̀ǹpútà, èéfín tín-ínrín sì yọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò tún tan mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi ti ń sọ pé òun ti na Oníná tán kí ẹ̀rọ tó kú. Oníná náà ń sọ pé òun ti na télọ̀ tán. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn láàárọ̀ nìyẹn: ọ̀kan á bi ẹni tí òun nà pé ṣé ó jí, èkejì á ní ẹni tí òun nà ló ń bi òun. Ẹ ó ní kí ló dé tí wọn ò tún un ṣe, nígbà tó jẹ́ pé oníṣẹ́ iná ni ọ̀kan nínú wọn. Oníná fẹ́ tú u wò, ọkọ mi ní rárá, ó fẹ́ lọ pa ẹ̀rí rẹ́ ni. Ọkọ mi fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, Oníná ní rárá, ó fẹ́ lọ bá alátùn-únṣe di rìkíṣí ni. Èmi tí mò ń gbálẹ̀ yí i ká, kò sẹ́ni tó bi mí.

Ìyàwó Oníná ti ṣaláìsí, orúnkún rẹ̀ ò sì gbé e dáadáa mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lókè òkun ní kó máa bọ̀ wá bá òun gbé. Ó wá sọ fún wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ọkọ mi gbọ́ tán, dípò kó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí àgbà, ẹ̀fẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹni tí a nà ló ń sá lọ yẹn. Oníná náà fi ẹ̀fẹ̀ dá a lóhùn, àmọ́ ẹ̀fẹ̀ ọjọ́ náà ní egungun nínú. Ohùn ń lọ sókè, ọ̀rọ̀ ń bí ọ̀rọ̀, títí ọkọ mi fi ní kó máa lọ, kí ló tún ń dúró ṣe, àbí ta ló dì í lẹ́sẹ̀ mú. Oníná wò ó, ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ojú mi báyìí ni ọfà ṣe jáde.

Ọjọ́ Sátidé ló fẹ́ rìnrìn àjò náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, ọkọ mi ò yọjú sí i, òun náà ò yọjú sí wa. Ọkọ mi jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń ránṣọ bí ẹni tí aṣọ ṣẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Túsìdeè, ó rán ṣòkòtò oníbàárà kan tán, mo nà án sókè, ẹsẹ̀ òsì méjì ló ní. Mo wo ṣòkòtò, mo wo ọkọ mi. Inú ti ń bí mi sí i láti ọjọ́ yìí wá, ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe mí nígbà náà. Mo mọ̀ pé bí Oníná bá fi lọ láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín pọ̀, ọkùnrin yìí ò ní gbádùn mọ́ láyé rẹ̀. Orí kunkun wọn sì dọ́gba, kò sí ẹni tó máa kọ́kọ́ bẹ èkejì. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú kí wọ́n jókòó pọ̀ ni dráàfù yẹn.

Ní ọjọ́ kejì, bí ọkọ mi ṣe jáde lọ ra òwú, mo ká aṣọ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, mo nu eruku rẹ̀, mo gbé e sínú kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ti àwọn ọmọ-ọmọ wa kiri nígbà tí wọ́n kéré. Mo fi aṣọ náà bò ó, mo tì í jáde. Gbogbo ẹni tí mo pàdé lọ́nà ló ń na ọrùn láti wo ọmọ. Obìnrin kan tiẹ̀ kí mi kú ewu ọmọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń tì í lọ.

Obìnrin kan ló ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Atúpalẹ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ẹ̀rọ tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò ní tú palẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà há, wáyà lọ́tùn-ún, wáyà lósì, àga kan ṣoṣo ló wà fún oníbàárà, fọ́ọ̀nù ẹnì kan ló sì jókòó sórí rẹ̀. Ó gbé fọ́ọ̀nù kúrò fún mi. Ó tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó gbọn òkú aáyán jáde, ó fi iná wò ó, ó ní ibi tó ń gba iná mànàmáná ti jó kanlẹ̀.

“Òkú ni kọ̀ǹpútà yìí, Màmá,” ló wí. “Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo háàdì dísìkì rẹ̀.”

Ó fa irin pẹlẹbẹ kan yọ, tí kò ju ìwé àdúrà kékeré lọ. Ó ní gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá ti tọ́jú sínú kọ̀ǹpútà, inú irin yìí ló wà, pé bí ara ilé bá jó, àpótí ẹrù lè má jó. Ó ní bí òun bá fún un níná tó bá ń kan kọ́-kọ́-kọ́, kí n máa lọ sílé. Bó bá ń kùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ìrètí ń bẹ. Ó fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Mo gbé etí lé e bí mo ṣe máa ń gbé etí lé ikùn aboyún. N ò gbọ́ nǹkan kan. Ó wá kan kọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo ti fẹ́ dìde lọ sílé. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó rọra ń kùn, ohùn rẹ̀ ò yẹ̀.

“Ó ń mí,” ni mo wí.

Atúpalẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ó ń mí dáadáa. Ni nǹkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Iṣẹ́ ilé-ìwé àwọn ọmọ mi ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn rẹ̀ ni fọ́tò mi kan nígbà tí gbogbo irun mi ṣì dúdú. Mo ní kó tọ́jú ìyẹn síbi tó dáa. A wá dráàfù tì. Atúpalẹ̀ ronú díẹ̀, ó ní ṣé wọn ò tún fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n dìde lọ jẹun. Mo ní kò sí àyè, ó ti kú. Ó ní a jẹ́ pé ohun tí ẹ̀rọ yìí gbé pamọ́ kẹ́yìn là ń wá. Ó tò wọ́n bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ léra, ó sì rí i ní òkè pátápátá. Ṣùgbọ́n eré àtijọ́ ni, kọ̀ǹpútà tuntun ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ó ní kí n fún òun láyè kí òun fi bẹ̀ ẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Fúráìdé ló pè mí pé ó ti ṣí. Mo ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó wá ku bí mo ṣe máa kó àwọn alágídí méjì débẹ̀. Mo sọ fún ọkọ mi pé obìnrin kan fẹ́ ránṣọ, kò lè fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, kó lọ wọ̀n ọ́n níbẹ̀. Mo pe Oníná lórí fọ́ọ̀nù, mo ní wáyà kan ń ta iná pàrà-pàrà ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan. Mo mọ̀ pé kò sí orúnkún tó lè dá Oníná dúró bó bá gbọ́ irú ìyẹn.

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti pàdé, ọ̀kan fi téèpù kọ́ ọrùn, èkejì mú irin iṣẹ́ dání. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n wò mí. Èmi ti dí ọ̀nà, ara mi sì tó bẹ́ẹ̀. Mo fi ohùn tí mo máa ń fi bá aboyún tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì sọ̀rọ̀ sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan tí Atúpalẹ̀ ti yá wá, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọ́n kọ̀yìn síra wọn. Ni Atúpalẹ̀ bá yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn.

Mo rí i tí wọ́n ń sún wá sí àárín bẹ́ǹṣì náà díẹ̀díẹ̀, títí èjìká wọn fi kanra. Dráàfù wọn ló wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Pupa ń bá funfun ta. Pupa kún ibẹ̀, ó ti ní ọba méjì. Funfun ku mẹ́ta péré, gbogbo wọn há sígun. Èmi tí n ò mọ dráàfù mọ̀ pé funfun ti kú.

“Ṣé o ti fojú ara rẹ rí i báyìí?” ni ọkọ mi wí.

“Ìwọ gan-an ni kó o wò ó dáadáa,” ni Oníná wí.

Ojú àwọn méjèèjì ń dán. Ó rú mi lójú, nítorí kò sí ẹni tó ṣe bí ẹni tí wọ́n nà. Atúpalẹ̀ náà rí i bẹ́ẹ̀. Ó rọra bi wọ́n pé ta ló ni pupa nínú wọn.

“Èmi ni,” ni àwọn méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ariwo sọ. Ọkọ mi ní láti kékeré òun kì í ta funfun. Oníná ní ta ló bi í léèrè kékeré rẹ̀. Atúpalẹ̀ bẹ̀ wọ́n, ó ní eré náà máa ń béèrè orúkọ kó tó bẹ̀rẹ̀, kí òun wo ohun tí wọ́n kọ. Àwọn bàbá méjì na ọrùn, wọ́n ń retí ìdájọ́. Ó tẹ̀ ẹ́, orúkọ jáde, ó sì di tábìlì mú, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Èmi ni mo tẹ̀ síwájú kà á. Ẹni tó ni pupa kọ orúkọ tirẹ̀ ní Ọ̀gá. Ẹni tó ni funfun kọ tirẹ̀ ní Ọ̀gá. Kò sí ẹni tó gbà kí èkejì máa jẹ́ ọ̀gá lórí òun.

Oníná ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, ó mi bẹ́ǹṣì. Ọkọ mi fẹ́ mójú le, kò lè ṣe é, téèpù já bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń na ara wọn lẹ́yìn, tí omi ń dà lójú wọn. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, mo rí i pé omi ojú ọkọ mi ò dá.

“Inú ló ń bí mi pé ò ń lọ,” ló wí. “Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, má fi sínú. Ta ni n ó máa bá jà báyìí?”

Oníná di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fi sílẹ̀. Ó ní, “Ṣé wọ́n gba fọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ ni? Ibi tí mò ń lọ yẹn náà ni n ó ti máa nà ọ́.”

Ẹ gbà mí gbọ́, mo ti gbé ọmọ púpọ̀ lé ìyá wọn lọ́wọ́, inú mi ò sì dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ibi tí mo ti ń nu ojú tèmi ni wọ́n ti rántí mi. Oníná ní, “Ìyàwó wa, ìwọ lo wá dúró sẹ́yìn wa lọ́jọ́ yẹn. Ta ló ni pupa?” Àwọn méjèèjì yíjú sí mi, ojú wọn là kedere bíi ti ọmọdé. Mo ní oúnjẹ ni mo wá pè wọ́n fún, n ò wo dráàfù.

Nígbà tí ọkọ̀ dé lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ mi ló gbé ẹrù Oníná sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Wọ́n dì mọ́ra. Ọkọ̀ ti ń lọ kí Oníná tó yọ orí lójú fèrèsé, tó sọ ọ́ sí etí gbogbo àdúgbò pé òun ló ni pupa. Ọkọ mi sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà díẹ̀, ó ń pariwo pé irọ́ ni, ó wá dúró, ó ń juwọ́ títí ọkọ̀ fi yà. Ó wọlé tòun ti ẹ̀rín lẹ́nu, ó jókòó, ó tú ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ òsì méjì yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, fọ́ọ̀nù dún. Ọkọ mi já a gbà, kò kí ẹni tó pè é, kò béèrè ìrìn àjò. “Irọ́ lo pa,” ló wí, ó sì fa àga sún mọ́ra. Bó ṣe di ojoojúmọ́ nìyẹn. Mo rí dráàfù yẹn dáadáa lọ́jọ́ tí mo wá pè wọ́n jẹun, mo sì rí ọwọ́ tó ń ta pupa. Mo mọ ẹni tó ni ín. N ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni títí n ó fi kú, nítorí mo fẹ́ kí fọ́ọ̀nù ilé wa máa dún.