Ohùn Tí Ó Pe Ṣubúọlá

Ojú ń ta Adébímpé. Láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró ni ó ti ń gé fíìmù Alàájì Ògúnlànà, tí ó sì ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, nínú yàrá kan ní Ìsọlọ̀ tí wọ́n fi kúbùsù dí fèrèsé rẹ̀ kí oòrùn má baà wọlé. Sìmẹ́ǹtì ni ó sọ Alàájì di ọlọ́rọ̀ nígbà tí owó epo rọ̀bì gba ìlú kan. Sinimá ni ó fẹ́ kí ó sọ òun di olókìkí. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọn yóò kọ́kọ́ fi fíìmù adẹ́rùbani náà hàn ní gbọ̀ngàn kan ní Òṣòdì, ṣùgbọ́n títí di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yìí, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò tíì tẹ́ Alàájì lọ́rùn.

"Iwin mi dà?" ni ó béèrè. "Mo ra ìbòjú, mo wá ẹ̀jẹ̀ ẹran, o wá ń fi ọmọ tí ń gbálẹ̀ hàn mí! Ṣé ilẹ̀ gbígbá ni ará Òṣòdì fẹ́ wá wò?"

"Iwin ń bọ̀, Alàájì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rù ṣáájú rẹ̀."

"Bí iwin kò bá ṣáájú, n óo gbé fíìmù mi fún ẹlòmíràn kí ó tún un gé."

Bí ó bá jẹ́ ti àárẹ̀ ni, Adébímpé ì bá ti fi iwin síwájú kí ó sì lọ sùn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo fíìmù náà, ìbẹ̀rẹ̀ yìí ni ó dá a lójú pé òun ṣe dáadáa. Ó mí kanlẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

"Ẹ wò ó. Ẹ̀yìn ọmọ náà nìkan ni kámẹ́rà ń wò. Bí ẹ bá ti rí ojú rẹ̀, ọkàn yín yóò balẹ̀. N kò sì tètè gé àwòrán náà. Mo jẹ́ kí ó pẹ́, kí ẹ máa wá ohun tí ó fara pamọ́ síbẹ̀. Ìró ìgbálẹ̀ nìkan ni ẹ ń gbọ́. Nígbà tí ó bá dákẹ́ lójijì..."

"Èmi á ti sùn. Ẹ̀yin ará Èkìtì, kò síbi tí ẹ kì í ti í ṣe tíṣà!"

Ìyá Alàájì, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Mọ́nsúrátù, gbọ́ ariwo, ó sì wọlé.

"Ẹ jókòó, ìyá mi," ni Alàájì wí. "Bí eléyìí bá bà yín lẹ́rù, kí wọ́n gba Alàájì lọ́wọ́ mi."

Adébímpé tan ẹ̀rọ. Ọ̀sán gangan ni nínú àwòrán náà. Ọmọ náà ń gbálẹ̀ ní àgbàlá tí kò sí ẹlòmíràn. Ìgbálẹ̀ dákẹ́. Láti inú gbohùngbohùn tí Adébímpé gbé sẹ́yìn àga ni ohùn kan ti jáde, ó tutù bí ohùn ìyá ọmọ: "Ṣubúọlá o!" Kò sí ẹni tí ó hàn. "Ṣubúọlá o!" Ọmọ náà gbé èjìká sókè díẹ̀, bí ẹni tí ó fẹ́ fèsì.

"Má dáhùn!" Ìyá Mọ́nsúrátù ti dìde. "Ọmọ yìí, má dáhùn! O ò rí ẹni tó ń pè ọ́! Ta ló tọ́ ọ?"

"Mà," ni ọmọ inú fíìmù dáhùn.

Ìyá àgbà fi ìborùn bo orí, ó sì jáde láì wọ bàtà rẹ̀. Alàájì ṣa bàtà náà nílẹ̀, ó wo Adébímpé bí ẹni tí yóò nà án. "O ti dẹ́rù ba ìyá mi," ni ó wí, ó sì tẹ̀ lé e.

Adébímpé gbà pé iṣẹ́ náà ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó pa ẹ̀rọ, ó sì lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó fara ti ògiri.

"Bímpé!" Láti ẹ̀gbẹ́ ilé ni ohùn kan ti wá. Ó la ẹnu, ó sì pa á dé.

"Bímpé o!"

Kò fọhùn. Alàájì yọ ní igun ilé, bàtà ìyá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àbí etí rẹ di ni?"

"Mo gbọ́, Alàájì. N kò tíì rí yín ni."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Alàájì, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn ná.

"Fi sílẹ̀ bí ó ṣe wà," ni ó wí. "Kí iwin máa bọ̀ lẹ́yìn."

"Ẹ ṣé, sà," ni Adébímpé wí, ojú rẹ̀ sì ti ń pa dé kí ó tó sọ ọ́ tán.