Ẹja Méjì Tí Ìyá Láwàlì Fún Un

Ọjọ́ kejì Iléyá ni ìjì jà ní Alábàtà. Ó wó igi tíìkì lu wáyà iná, gbogbo àdúgbò sì ṣókùnkùn. Ummulkulthum kò sí nílé. Ó wà lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ tí wọ́n ń ta aṣọ láàárín ìlú Abẹ́òkúta, ó ń bá ìyá rẹ̀ pín ẹran, nígbà tí Àràmídé tí wọ́n jọ háyà ilé pè é lórí fóònù lọ́jọ́ kejì ìjì náà.

Àràmídé ní, “Èmi náà ò sí nílé o. Wọ́n ní láti àná ni iná ti lọ.”

Ummulkulthum fi ẹran sílẹ̀. Ọpọ́n onígíláàsì mẹ́ta ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn, ẹja tó fi ń ṣe iṣẹ́ ìwé rẹ̀ ní yunifásítì ló wà nínú wọn, iná ló sì ń gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi náà. Epìà ló wà nínú ọpọ́n méjì. Epìà kò ṣòro rí. Ẹja méjì inú ọpọ́n kẹta ló ń rò.

Ara ẹja náà gùn bí ejò, ìpẹ́ rẹ̀ le bí egungun, lẹbẹ kéékèèké sì tò sí ẹ̀yìn rẹ̀ bí eyín ayùn. Ìran rẹ̀ ti wà nínú omi kí òdòdó kankan tó tanná láyé. Oṣù mẹ́jọ ni Ummulkulthum fi wá a kiri etí odò Ògùn, tí àwọn apẹja ń sọ fún un pé ó ti tán. Ràhámátù, opó apẹja kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Láwàlì, nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Ó wà. Àárín omi ni wọ́n ń wá a, etí koríko ló ń gbé. Ó ń lúgọ de ọmọ ẹja àti ọ̀pọ̀lọ́.”

Ọ̀sẹ̀ kejì, ìgèrè rẹ̀ mú akọ kan àti abo kan. Ó gbé wọn fún ọmọbìnrin náà, kò gba nǹkan kan.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Àràmídé pè é ni Ummulkulthum padà sí Alábàtà. Bó ti ṣílẹ̀kùn ni òórùn gbá a nímú. Gbogbo epìà ti kú, wọ́n léfòó. Omi ọpọ́n kẹta dọ̀tí débi pé kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, kò mọ ohun tí yóò sọ fún Ìyá Láwàlì.

Omi náà dún pẹ́rẹ́. Ẹja kan yọ orí sókè, ó gbé afẹ́fẹ́ mì, ó sì rì padà. Kò pẹ́, èkejì náà yọ. Ummulkulthum ti kà á nínú ìwé pé ẹja yìí ní ẹ̀dọ̀fóró, pé bí omi bá bàjẹ́ a máa mí lókè bí ènìyàn. Ṣùgbọ́n kíkà ọ̀tọ̀, rírí ọ̀tọ̀. Ó ní, “Alhamdulillahi,” omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Kò sí omi ẹ̀rọ, nítorí náà omi òjò inú dúrọ́ọ̀mù ló bù pààrọ̀ tiwọn. Bóyá omi tútù yẹn jọ ìkún omi odò, àsìkò tí wọ́n máa ń yé ẹyin, lójú wọn, kò mọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta tó pààrọ̀ omi náà, ó rí ẹyin wínníwínní lára koríko inú ọpọ́n. Ó pe Ìyá Láwàlì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìyá ní, “Tètè kó àwọn òbí kúrò níbẹ̀. Ẹja yẹn ò mọ ọmọ yàtọ̀ sí oúnjẹ.”

Nígbà tí ẹyin pa, ìyá àgbà náà gun ọ̀kadà wá wò wọ́n. Ohun tí àwọn ọmọ ẹja náà fi ń mí yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn bí ìyẹ́ adìyẹ. Ó wò wọ́n títí.

Ó ní, “Mo ti rí èyí nínú koríko láìmọye ìgbà. Mo rò pé ọmọ aláǹgbá omi ni. Ṣe ni mo máa ń gbọ̀n wọ́n kúrò lára ìgèrè dànù sílẹ̀.”

Ummulkulthum kúnlẹ̀. “Ẹ ṣé, Ìyá. Bí kì í bá ṣe tiyín, n kì bá tí rí wọn.”

“Ọlọ́run tó fún wọn ní èémí méjì ni kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dìde, ọmọ mi. Èmi náà dúpẹ́, ojú mi ti rí ohun tí ọwọ́ mi ń sọ nù.”

Nígbà tí àwọn ọmọ ẹja náà dàgbà tó ìka ọwọ́, Ummulkulthum àti ìyá náà gbé ìlàjì wọn lọ sí etí odò nínú korobá. Ìyá Láwàlì ló dà wọ́n sí abẹ́ koríko. Lẹ́yìn náà ó fa ìgèrè rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà níbẹ̀ sókè, ó gbé wọn lé èjìká, ó ní títí òjò yóò fi dá, apá kejì odò ni òun yóò ti máa dẹ ìgèrè, kí àwọn ọmọ ẹja náà lè dàgbà. Ummulkulthum gba méjì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì jọ ń lọ sílé.