Àwọn Tó Gba Máàkì Méjì

Ìbéèrè keje ni wọ́n fẹ́ yọ dànù. Alhaji Àbdùlbáàkí, alága ìgbìmọ̀ ìdánwò, ló gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ nínú ìpàdé. Ó ní àwọn ọmọ tó gba gbogbo máàkì mẹ́rin kò tó nǹkan, ìbéèrè náà le jù, ẹ jẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́ kúrò nínú àbájáde.

Abímbọ́lá ló ṣe ìbéèrè náà. Láti ìgbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ṣí wá sí Minna láti Òṣogbo ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, kò sì sí ẹni tó yọ ìbéèrè rẹ̀ dànù rí. Ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí tábìlì, bí ìyàwó tí ọbẹ̀ jó mọ́ lọ́wọ́ lójú àlejò.

Ìbéèrè ọ̀hún kò ju èyí lọ: páìpù kan ń kún tanki omi ní àdúgbò Tayi láàárín wákàtí mẹ́ta, páìpù kejì ń kún un láàárín wákàtí mẹ́fà. Bí a bá ṣí méjèèjì pọ̀, wákàtí mélòó ni tanki yóò fi kún?

Ẹni tó lanu sọ̀rọ̀ ni Hibatullah, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kó máa yẹ èsì ìdánwò wò. Ọmọ Alfa ará Ìlọrin ni. Kpakungu ní Minna níbẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì yọ ọ́," ó ní.

"Kí ló tún kù tí a fẹ́ wò?" Alhaji bi í. "Ó le, ó parí."

"Ká ní ìbéèrè tí ọmọ kàn máa gbà tàbí kó kùnà ni, n ò ní jiyàn sà. Ṣùgbọ́n máàkì mẹ́rin ni èyí ní. Ẹni tó gba méjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó gba òdo."

Alhaji yọ̀ǹda. "Toh. Mo fún ọ di Ọjọ́bọ̀."

Bí ìpàdé ṣe tú ni Abímbọ́lá tẹ̀ lé Hibatullah lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ṣí kọ̀ǹpútà, ó sì fi àwọn ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ hàn án.

"Àǹtí, ìṣirò yìí kọ́kọ́ máa ń fi odindi ìdánwò ọmọ mọ bí òye rẹ̀ ṣe tó. Lẹ́yìn náà ló máa wá mú ìbéèrè kan, á yẹ̀ ẹ́ wò ní ìpele ìpele. Báwo ni òye ọmọ ṣe gbọ́dọ̀ tó kó tó kúrò lórí òdo bọ́ sórí ení? Láti ení dé èjì ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ títí dé ẹ̀rin. Bí máàkì ṣe ń pọ̀ sí i ló yẹ kí òye máa pọ̀ sí i."

"Kí wá ló dé sí tèmi?"

"Òdo sí ení dára. Ení sí èjì dára púpọ̀. Ẹ̀ta ló dojú rú. Àwọn tó gba èjì mọ ìṣirò ju àwọn tó gba ẹ̀ta lọ. Wallahi, mo tún un ṣe, bákan náà ló rí."

Ẹlòmíràn ì bá dúró níbẹ̀, kó kọ ọ́ pé ìbéèrè náà kò dára. Hibatullah dìde, ó tún híjáàbù rẹ̀ ṣe, ó ní òun ń lọ sí yàrá tí wọ́n kó ìwé ìdáhùn pa mọ́ sí. "Kọ̀ǹpútà ti fi ibi tó ń dunni hàn wá," ó ní. "Kò lè sọ ohun tó fà á. Àwọn ọmọ ló máa sọ ọ́."

Wọ́n jókòó lórí ẹní láàárín eruku, wọ́n ń kà. Àwọn tó gba ẹ̀ta ti kọ fọ́múlà sílẹ̀ geerege bó ṣe wà nínú ìwé, wọn kò sì mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe. Ìdáhùn wọn kò jọ ara wọn. Abímbọ́lá wá ṣí ìwé ọmọ kan tó gba èjì, ó kà á, ó tún un kà. Ọmọ náà kò kọ fọ́múlà kankan. Ó ní ká sọ pé tanki náà gba kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà bíi ti àwọn mai ruwa tó ń ta omi kiri. Páìpù kìíní á gbé kẹ́ẹ̀gì méjì wá ní wákàtí kan, èkejì á gbé ẹyọ kan. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta nìyẹn. Wákàtí méjì, tanki ti kún.

"Ó gbà á," Abímbọ́lá sọ jẹ́jẹ́. "Ó yé e ju bí èmi gan-an ṣe ń kọ́ wọn lọ."

Wọ́n rí irú rẹ̀ púpọ̀. Ìlànà ìmáàkì ló dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ìgbìmọ̀ ló fi gbólóhùn kan kún un pé ẹni tó bá kọ fọ́múlà ti ní ẹ̀ta, ẹni tí kò bá kọ ọ́ kò gbọdọ̀ gba ju èjì lọ.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún pàdé ní Ọjọ́bọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ràsákì, tó dá àbá gbólóhùn yẹn, kò fẹ́ gbà. "Fọ́múlà ni a kọ́ wọn," ó ní.

"Òótọ́ ni sà," Hibatullah dáhùn, kò gbé ohùn sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ka èyí." Ó na ìwé ọmọ oníkẹ́ẹ̀gì sí i.

Ọ̀gbẹ́ni Ràsákì kà á. Ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé ìwé náà fún alága. "Ọmọ yìí kò jẹ̀bi," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká tún un máàkì."

Wọ́n fa gbólóhùn náà yọ. Gbogbo wọn jókòó ti ìwé àwọn tó gba èjì àti ẹ̀ta, Ọ̀gbẹ́ni Ràsákì pẹ̀lú wọn, wọ́n ń fi máàkì fún ẹnikẹ́ni tó ronú dé ibi tó yẹ, ọ̀nà yòówù kó gbà. Nígbà tí Hibatullah tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò tẹ̀ lé ara wọn. Ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ jù nù ló wá ń ya ọmọ tó mọ ìṣirò sọ́tọ̀ kedere jù lọ nínú ìdánwò náà.

"Madalla," ni Alhaji Àbdùlbáàkí fi yìn ín.

Abímbọ́lá bá Hibatullah níta níbi tó ti ń dúró de kẹ̀kẹ́. Ó lè bí i lọ́mọ, síbẹ̀ òun ló ń bẹ̀ ẹ́.

"Hiba, ìwọ tí o rí ohun tí gbogbo wa kò rí yìí, mo fẹ́ kí o kọ́ mi."

Hibatullah kúnlẹ̀ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Màá kọ́ yín, Àǹtí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà á kọ́ mi bí a ṣe ń ṣe irú ìbéèrè tí ọmọ lè fi kẹ́ẹ̀gì dáhùn."