Ohùn Tí Díìsìkì Kò Mú Wá

Túuwò fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn bí díìsìkì inú rẹ̀ ṣe ń yára tó. Bàbá ló fún un lórúkọ ìnagijẹ náà, nítorí kò sí rédíò tí kò tú wò nílé yẹn nígbà tó wà ní kékeré. Títú tó ń tú wọn náà ló fi kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó fi ń jẹun.

Inú díìsìkì yìí ni ohùn ìyá rẹ̀ wà. Nígbà tí àìsàn dá Màmá dúbúlẹ̀, ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lóríṣiríṣi. Ọ̀kan ṣoṣo ni Bàbá máa ń gbọ́, láràárọ̀. Ó ní òun ń fi àwọn yòókù pa mọ́ de ọjọ́ tí ọkàn òun bá gbà á. Ní báyìí, díìsìkì ti ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ bí èyí tó fẹ́ bà jẹ́.

"Ẹ ò tíì pa kọ̀ǹpútà yìí látìgbà tá a ti sin Màmá?"

"Kí ni mo fẹ́ pa á fún? Kì í kúkú béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ mi bíi tìẹ."

Túuwò fi ohùn tí Bàbá máa ń gbọ́ wọn eré díìsìkì. Nọ́ńbà tí ètò kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ gbé jáde pọ̀ ju ohun tí díìsìkì tuntun lè ṣe lọ, áḿbọ̀sì ògbólógbòó yìí. Ṣùgbọ́n ètò kejì, tó ń ṣọ́ díìsìkì fúnra rẹ̀, kọ òdo.

"Èwo ló ń parọ́ nínú wọn?" Bàbá bi í.

"Kò séyìí tó ń parọ́. Àkọ́kọ́ ń wo bí èsì ṣe tètè dé. Èkejì ń wo iṣẹ́ tí díìsìkì ṣe. Èsì dé, díìsìkì ò sì ṣiṣẹ́ kankan. Mẹ́mọ́rì ló ń bá a dáhùn."

Ó ṣàlàyé pé ohun téèyàn bá ń béèrè léraléra, ẹ̀rọ máa ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sínú mẹ́mọ́rì, nítòsí. Tí iná bá sì ti lọ, ẹ̀dà náà lọ nìyẹn.

Ó wá ṣí ọ̀kan nínú àwọn tí Bàbá fi pa mọ́. Díìsìkì dún, ó dún, kò mú nǹkan kan wá.

Bàbá na ọwọ́ sí bọ́tìnnì. "Jẹ́ ká pa á ká tún un tàn. Ṣebí bẹ́ẹ̀ lo máa ń ṣe fáwọn oníbàárà rẹ."

Túuwò di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá pa á, èyí tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ náà á lọ."

Ó ki fúláàṣì tí wọ́n fi ń gbé fáìlì bọ̀ ọ́, ó da ohùn náà kọ sí i látinú mẹ́mọ́rì. Kò ju ìṣẹ́jú akàn lọ. Lẹ́yìn náà ló tó lọ bá àwọn yòókù, ó ń fi sùúrù gbìyànjú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí díìsìkì fi dákẹ́ pátápátá.

"Àwọn tí mo fi pa mọ́ ńkọ́?"

Túuwò ò lè wo ojú rẹ̀. "Wọ́n ti lọ, Bàbá. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ lójoojúmọ́ nìkan ló ṣẹ́ kù."

Bàbá fa àga jókòó tì í. Ó ní, "Tan èyí tó ṣẹ́ kù yẹn."

Túuwò tàn án látinú fúláàṣì. Ohùn Màmá jáde, bó ṣe máa ń rí gan-an: "Bàbá Túuwò, ṣé ẹ ti lo oògùn yín? Ẹ má purọ́ fún mi o, mo mọ̀ yín."

Kó tó parí, Bàbá ti dìde lọ wá oògùn rẹ̀.